Erùpẹ̀ Ni Kí Ẹ Tọ̀ Lẹ́yìn: Ìtọ́sọ́nà Lórí Kẹ́míkà Adènà-Iná Tó Ń Ti Ara Ẹ̀rọ Àlòkù Wọ Ilẹ̀ àti Odò

Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, irú èyí tó yọ ikùn sẹ́yìn. Ike dúdú tó bò ó níbẹ̀ lè má jẹ́ ike pọ́ńbélé. Nínú kílò kan irú ike bẹ́ẹ̀, ó lè ju 100 gíráàmù lọ tó jẹ́ kẹ́míkà tí ilé iṣẹ́ pò mọ́ ọn kí iná má baà tètè ràn án. Kẹ́míkà náà kò so mọ́ ike yẹn. Ó kàn wà láàárín rẹ̀ ni, bí omi ṣe ń wà nínú kànìnkànìn. Tí ike bá gbó, tí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n bá lọ̀ ọ́, tàbí tí wọ́n bá dáná sun ún, kẹ́míkà á jáde.

Ibi tó ń gbà lọ lẹ́yìn náà ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ohun tí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ àlòkù sábà máa ń béèrè ni pé, "Ṣé omi odò wa ti bàjẹ́?" Wọn á dá owó jọ, wọn á bu omi sínú ìgò, wọn á gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, èsì á sì jáde pé wọn ò rí nǹkan kan. Ọkàn gbogbo èèyàn á balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà náà wà nínú ẹrẹ̀ ìdí odò, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ibi tí wọ́n ti bu omi. PBDE, tó jẹ́ olórí ẹbí kẹ́míkà adènà-iná yìí, kò fẹ́ràn omi rárá. Ọ̀rá àti erùpẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, tó sì fẹ́ dá a dúró, eruku, eérú àti ẹrẹ̀ ni kó máa tọ̀ lẹ́yìn. Orí ohun kan yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní ọgbà ìtúẹ̀rọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ibẹ̀ létí odò. Iṣẹ́ náà kò kéré: ní 2022 nìkan, àwọn èèyàn ayé da ẹ̀rọ àlòkù tó tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù nù. Èyí tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì tún lò bó ṣe yẹ, jẹ́ ìdá 22.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ orúkọ ohun tí ẹ ń wá

Oríṣi 209 ni PBDE, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi dá wọn mọ̀, láti BDE-1 títí dé BDE-209. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni bromine inú wọn, èròjà tó ń dènà iná gan-an, ń pọ̀. Àpòpọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń tà wọ́n fún ilé iṣẹ́. Penta, inú fóòmù àga àti ibùsùn ló pọ̀ sí jù. Octa wọ inú ike líle tí wọ́n fi ń ṣe ara kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Deca, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì BDE-209, ló wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tí mo kọ́kọ́ sọ. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn adènà-iná mìíràn tún wà: TBBPA wà nínú bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń to èròjà ẹ̀rọ lé lórí. Ìyẹn so mọ́ bọ́ọ̀dù gan-an, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde àfi tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tàbí tí wọ́n sun ún. HBCD wà nínú fóòmù funfun tó máa ń rún wẹ́wẹ́. Dechlorane Plus wà lára wáyà àti ibi tí wáyà ti ń so kọ́ra.

Àdéhùn Stockholm, tí wọ́n ṣe ní 2001 láti fòpin sí àwọn kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà, fi èròjà penta àti octa sínú ìwé rẹ̀ ní 2009, HBCD ní 2013, deca ní 2017, Dechlorane Plus ní 2023. Ní Yúróòpù, òfin sọ láti oṣù keje ọdún 2006 pé PBDE inú ike ẹ̀rọ tuntun kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n kọ́kọ́ yọ deca sílẹ̀, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ dá sí i ní 2008. Òfin wọ̀nyí dára, àmọ́ òfin kì í wọ inú ẹ̀rọ tó ti kúrò nílé iṣẹ́ lọ yọ nǹkan jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kí òfin tó dé ló ń wọ ọgbà ìtúẹ̀rọ báyìí. Ohun kan tún wà tí kò dùn mọ́ mi nínú: Àdéhùn Stockholm kan náà fàyè gba àwọn orílẹ̀-èdè kan láti máa tún ike tó ní penta àti octa lò, tí àyè náà lè máa bá a lọ títí di 2030. Bí kẹ́míkà ara ẹ̀rọ àlòkù ṣe rí ọ̀nà dé inú ohun ìṣeré ọmọdé àti síbí dúdú tí wọ́n fi ike àlòkù ṣe nìyẹn.

Kí ló fà á tí a fi ń sá fún wọn? Ìrísí PBDE jọ ti omi ara tí ẹṣẹ́ ọrùn ń tú jáde, èyí tó ń darí bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà látinú oyún. Ó ń pamọ́ sínú ọ̀rá, ó sì ń bá wàrà ìyá dé ẹnu ọmọ. Nígbà tí wọ́n yẹ wàrà àwọn ìyá ní Sweden wò láti 1972 sí 1997, wọ́n rí i pé PBDE inú rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì láàárín ọdún márùn-ún márùn-ún.

Àwọn ilé iṣẹ́ ti wá fi kẹ́míkà tó ní phosphorus rọ́pò díẹ̀ nínú wọn, bíi TCEP àti TCPP. Àwọn yìí yàtọ̀, nítorí wọ́n ń yòrò sínú omi dáadáa. Tó bá jẹ́ àwọn ni ẹ ń wá, ẹ lè bu omi sínú ìgò. Ibẹ̀ nìkan ni ìgò omi ti wúlò nínú iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rìn nínú òjò

Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ ya àwòrán ọgbà náà. Ẹ sàmì sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ nǹkan, ibi tí wọ́n ti ń dáná, ibi tí wọ́n ń kó ike àti bọ́ọ̀dù jọ sí, àti ibi tí wọ́n ń gbá ìdọ̀tí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de òjò ńlá kan. Nígbà tó bá ń rọ̀, ẹ wọ bàtà òjò, ẹ tọ omi dúdú tó ń ṣàn kúrò lára òkìtì wọ̀nyẹn títí ẹ ó fi rí ibi tó bá jáde. Ẹ fi ọfà sàmì sí ọ̀nà rẹ̀ nínú àwòrán. Ibi tí omi bá ti fa ẹsẹ̀, tó dá adágún, ẹ yí i po, torí ibẹ̀ ni erùpẹ̀ ń sọ̀ sí. Wákàtí kan òjò yóò kọ́ yín ju ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi ń wo ilẹ̀ gbígbẹ lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya ike sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ̀ ọ́

Tí ẹ bá jẹ́ olówó ọgbà, ibí ni kí ẹ ti ná ọ̀pọ̀ àkókò yín. Ike tí kò bá tíì fọ́ ṣì ṣeé mú. Tó bá ti di eruku, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ inú ike náà wò. Lára ike ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ, wọ́n máa ń tẹ àmì kékeré kan sí inú lọ́hùn-ún, bíi >ABS-FR(17)<. ABS ni orúkọ irú ike náà; FR yẹn ń sọ pé kẹ́míkà adènà-iná wà níbẹ̀. Nọ́ńbà inú àkámọ́ ló ń sọ irú tó jẹ́: 17 jẹ́ ti bromine, 40 jẹ́ ti phosphorus. Tí kò bá sí àmì, ẹ má rò pé kò sí kẹ́míkà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní àmì kankan.

Ibi tí àmì bá ti kùnà ni omi iyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ike lásán bíi ABS àti polystyrene fi díẹ̀ wúwo ju omi lọ. Tí bromine bá wọ inú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n á tún wúwo sí i. Nítorí náà, a ó ṣe omi kan tó wà láàárín méjèèjì. Ẹ da nǹkan bí 160 gíráàmù iyọ̀ sínú lítà omi kan, ẹ rò ó títí iyọ̀ yóò fi yòrò tán. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó tọ́, ẹ wọn lítà kan omi iyọ̀ náà lórí òṣùwọ̀n: ó yẹ kó wọn nǹkan bí 1,100 gíráàmù. Tó bá fúyẹ́ jù, ẹ fi iyọ̀ sí i. Ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ má baà lẹ̀ mọ́ ike, tó sì máa gbé e léfòó.

Ẹ fi ẹ̀mú ṣẹ́ ike náà ní ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, torí eruku ni ayùn ń ṣe. Ẹ yọ ìdè irin àti bébà ara rẹ̀ kúrò, ẹ jù ú sínú omi iyọ̀, ẹ fi igi tì í rì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá fi sílẹ̀. Èyí tó bá léfòó, ó ṣeé ṣe kó máà ní bromine púpọ̀. Èyí tó bá rì, ẹ kà á sí ẹlẹ́ṣẹ̀ títí ìdánilójú yóò fi dé.

Mo lo ọ̀rọ̀ náà "ẹlẹ́ṣẹ̀" mọ̀ọ́mọ̀, torí aláìṣẹ̀ á wà láàárín wọn. Polycarbonate, PVC, àti ike tí wọ́n pò mọ́ òwú gíláàsì máa ń rì láìsí bromine kankan. Lódì kejì, ike tí wọ́n ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, tí bromine inú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, lè léfòó kó sì tan yín jẹ. Fóòmù ní tiẹ̀ á máa léfòó ṣáá, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, torí náà ẹ má fi fóòmù dán an wò. Tí owó bá wà, ẹ̀rọ XRF tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú lè ka bromine nínú ike láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àtúnlò ní Yúróòpù ń lo ìwọ̀n 2,000 mílígíráàmù bromine nínú kílò ike kan gẹ́gẹ́ bí ààlà: èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á yà á sọ́tọ̀. Tí XRF bá rí bromine àti antimony papọ̀, kò sí iyèméjì mọ́, torí antimony ni ilé iṣẹ́ máa ń fi ran bromine lọ́wọ́ láti dènà iná.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ fi wáyà bàbà gbígbóná kan ike náà, kí ẹ gbé e sínú iná, kí ẹ wò ó bóyá iná á di aláwọ̀ ewé. Lóòótọ́ ni iná á di aláwọ̀ ewé. Àmọ́ ohun tí ẹ ṣe yẹn ni pé ẹ fi bàbà àti iná se èéfín olóró síwájú imú yín. Ẹ fi sílẹ̀.

Omi iyọ̀ ṣeé lò léraléra. Tó bá dọ̀tí, ẹ jẹ́ kó sọ̀, kí ẹ da omi òkè rẹ̀ padà sínú ọpọ́n, kí ẹ sì kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ mọ́ ike tó rì. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ike tó rì, ẹ kó o sínú àpò tó nípọn, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé. Kò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yọ́ ike láti fi ṣe nǹkan tuntun. Ibi tó tọ́ sí ni ilé ìsunǹkan ńlá tó ní àṣẹ. Òfin Yúróòpù ní kí ìdọ̀tí eléwu tí kẹ́míkà irú èyí inú rẹ̀ bá ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ jóná ní ìgbóná 1,100°C, kí èéfín rẹ̀ sì wà nínú ìgbóná náà fún ìṣẹ́jú àáyá 2 ó kéré tán. Iná ìta gbangba kò lè débẹ̀ láéláé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pa iná

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọgbà tó bá ṣì ń sun wáyà, gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù inú ìtọ́sọ́nà yìí kò lè ràn án lọ́wọ́. Iná orí ilẹ̀ kì í gbóná tó láti pa PBDE run. Ó kàn ń tú u sínú èéfín àti eérú ni, ó sì ń sọ apá kan nínú rẹ̀ di dioxin àti furan tó ní bromine, àwọn kẹ́míkà olóró tí wọ́n burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. PVC ara wáyà ń pèsè chlorine, bàbà inú wáyà sì ń mú kí ìyípadà náà yá kánkán. Tí ẹ bá fẹ́ àdàlù tó dára jù láti fi ṣe dioxin, ẹ ò lè rí èyí tó ju òkìtì wáyà tó ń jó lọ.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007, àwọn olùwádìí tó lọ sí Guiyu, ìlú kan tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ àlòkù ní China, ṣe ìwọ̀n PBDE nínú eérú ike àti wáyà tí wọ́n sun. Wọ́n rí 33,000 sí 97,400 nánógíráàmù nínú gíráàmù kan. Nínú ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi ásíìdì yọ wúrà, ó jẹ́ 2,720 sí 4,250. Ẹ fi méjèèjì wéra, ẹ ó rí i pé eérú ni olórí ìṣòro.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń bó wáyà wà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí àti èyí tó ń lo iná mànàmáná. Bàbà tí wọ́n bó máa ń mọ́ ju èyí tí wọ́n sun lọ, àwọn tó ń rà á sì mọ ìyàtọ̀. Wáyà tín-ín-rín tí ẹ̀rọ ò lè bó, ẹ kó o jọ, ẹ tà á bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń gé e wẹ́wẹ́. Owó rẹ̀ á dín kù lóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dá ẹrẹ̀ dúró kó tó dé odò

Ẹ gbé ibi ìfọ́nǹkan sábẹ́ òrùlé, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì tẹ́. Òrùlé ṣe pàtàkì ju símẹ́ǹtì lọ, tí owó ò bá tó fún méjèèjì, torí òjò ni ọkọ̀ tó ń gbé kẹ́míkà yìí rìn. Ẹ má fi ọwọ̀ gbígbẹ gbálẹ̀. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ kí ẹ tó gbá a, kí ẹ sì kó ohun tí ẹ gbá sínú àpò kan náà pẹ̀lú ike tó rì.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí àwòrán tí ẹ yà nínú òjò. Ní ibi tí ọfà pọ̀ sí jù kí omi tó jáde kúrò nínú ọgbà, ẹ gbẹ́ kòtò kan, ẹ fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú, ẹ sì gbé ògiri kékeré kan sí àárín rẹ̀ tí omi ní láti gùn kó tó lè kọjá. Omi á rọra, ẹrẹ̀ á sọ̀ sí ẹ̀yìn ògiri. Ẹ kó ẹrẹ̀ yẹn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, àti nígbàkígbà tó bá ti kún dé ìdajì. Ẹrẹ̀ náà kì í ṣe ajílẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ ọlọ́ràá nítorí pé ó dúdú.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọwọ́, aṣọ, àti ẹnu ọmọ

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun tàbí mu sìgá. Ẹ wọ ìbòmú tó ń dá eruku wẹ́wẹ́ dúró, irú FFP2 tàbí N95, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi aṣọ rán. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà sí ọgbà, ẹ má fọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ aṣọ ilé. Ọmọ tó ń rá kò ní ohun tó fi ń yẹ ayé wò ju ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ lọ, eruku tí bàtà bàbá gbé wọlé ló sì ń kó sẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ bu erùpẹ̀ lọ́nà tí èsì rẹ̀ á fi wúlò

Èsì tí kò ní ohun tí a ó fi wé e kò wúlò. Nítorí náà, ibi àkọ́kọ́ tí ẹ ó yàn láti bu erùpẹ̀ ni ibi tí ẹ gbà pé ó mọ́: òkè ìṣàn odò, kó tó kan ọgbà náà, àti ilẹ̀ tí atẹ́gùn kì í fẹ́ èéfín sí. Irin iṣẹ́ tí ẹ bá fi ṣe ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ibòmíràn.

Ní ti ilẹ̀, ẹ má bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ojú kan. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ láti ojú márùn-ún sí mẹ́wàá nínú agbègbè kan náà, ní sẹ̀ǹtímítà 5 òkè ilẹ̀, torí òkè ni ohun tó bá já bọ́ láti inú atẹ́gùn máa ń dúró sí. Ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú àwo irin tí kì í dípẹtà, ẹ yọ òkúta àti gbòǹgbò, kí ẹ wá bu ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò béèrè. Síbí irin ni kí ẹ lò. Ike kankan kò gbọdọ̀ kan erùpẹ̀ náà. Ṣé ẹ rántí pé inú ike ni kẹ́míkà yìí ti wá. Ìgò gíláàsì aláwọ̀ igi ló dára jù, kí ẹ sì fi bébà fóìlì bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Àwọ̀ ìgò náà ní ìdí: ìtànṣán oòrùn máa ń já bromine kúrò lára BDE-209, á sì sọ ọ́ di oríṣi mìíràn kó tó dé ilé àyẹ̀wò. Ẹ gbé ìgò sínú yìnyín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú fírísà tí ẹ kò bá ní lè gbé e lọ lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti odò, ẹ má bu ẹrẹ̀ níbi tí omi ti ń sáré. Iyanrìn ló wà níbẹ̀, iyanrìn kì í sì í di kẹ́míkà yìí mú. Ẹ wá ibi tí omi ti ń rọra: inú kọ́lọ́fín tí odò ti yí, ẹ̀yìn ìdènà omi, tàbí adágún. Ẹrẹ̀ tó kúnná, tó ń yọ̀ láàárín ìka, ni ẹ ń wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìṣàn, kí ẹ máa gòkè bọ̀, kí ẹsẹ̀ yín má baà rú ẹrẹ̀ lọ sí ibi tí ẹ kò tíì dé. Ẹ kọjú sí òkè ìṣàn bí ẹ ṣe ń bù ú. Láàárín ibì kan sí èkejì, ẹ fọ irin iṣẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi mímọ́, kí ẹ wá fi acetone ṣàn án. Ẹ tún gbé ìgò òfìfo kan dání, ẹ ṣí i sílẹ̀ níbi iṣẹ́ bí ẹ ṣe ń bu erùpẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Tí ilé àyẹ̀wò bá rí PBDE nínú rẹ̀, a jẹ́ pé eruku ti wọ gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ilé àyẹ̀wò ní ìbéèrè kan: "Ṣé ẹ lè ṣe ìwọ̀n BDE-209?" Ooru inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é máa ń ba BDE-209 jẹ́, ó sì nílò ìlànà tirẹ̀, torí náà àwọn kan kì í fi sínú àkójọ wọn. Àkójọ tí BDE-209 kò sí, tó sì jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń tú tẹlifíṣọ̀n, dà bí ẹni ka ẹran inú agbo tó fo màlúù. Ẹ ní kí wọ́n tún ṣe ìwọ̀n erogba (carbon) inú erùpẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní TOC. Ẹ ó nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ka èsì náà

Èsì á dé ní ng/g, ìyẹn nánógíráàmù nínú gíráàmù erùpẹ̀ gbígbẹ kan. Ibi tí wọ́n bá kọ ND sí, kì í ṣe òdo. Ó túmọ̀ sí pé ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ wọn lè rí. Ẹ béèrè iye tí ẹ̀rọ náà lè rí.

Ẹ má tíì fi nọ́ńbà kan wé èkejì. PBDE máa ń lẹ̀ mọ́ erogba inú erùpẹ̀, nítorí náà ẹrẹ̀ dúdú tó kún fún ewé jíjẹrà á gba púpọ̀ sára, iyanrìn á gba díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí kan náà ló bá wọn. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní òkè ìṣàn jẹ́ 40 ng/g, TOC rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ìsàlẹ̀ ìṣàn jẹ́ 60 ng/g, TOC rẹ̀ sì jẹ́ 1.5. Lójú, 60 kò fi bẹ́ẹ̀ ju 40 lọ. Ẹ wá pín in: 40 pín sí 0.04 jẹ́ 1,000; 60 pín sí 0.015 jẹ́ 4,000. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọgbà náà ti sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo oríṣi tó pọ̀ jù, torí òun ló ń sọ ibi tí kẹ́míkà ti wá. Tí BDE-209 bá gba èyí tó pọ̀ jù, ike tẹlifíṣọ̀n àti irú wọn ni ẹ wò. Ní Guiyu, òun ló pọ̀ jù, láti ìdá 35 dé 82 nínú ọgọ́rùn-ún. BDE-47 àti BDE-99 ń tọ́ka sí penta, nítorí náà ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ń kó fóòmù sí. BDE-183 jẹ́ àmì octa, ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ nìyẹn. Tí ẹ bá yẹ ẹja wò, ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé BDE-47 ló kún inú rẹ̀ nígbà tí BDE-209 kún ẹrẹ̀ odò kan náà. BDE-209 tóbi, kì í tètè wọ ara ẹja. Èyí tó kéré ló ń wọlé, àwọn ẹja kan sì máa ń já bromine kúrò lára BDE-99 fúnra wọn títí á fi di BDE-47.

Ìgbésẹ̀ 9: Ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ lé adìẹ kúrò níbẹ̀. Adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ń gbé erùpẹ̀ mì pẹ̀lú kòkòrò, ẹyin rẹ̀ sì ní ọ̀rá. Ní 2019, IPEN àti Basel Action Network, àwọn àjọ tó ń gbógun ti kẹ́míkà àti ìdọ̀tí olóró, gbé àyẹ̀wò ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ ní Agbogbloshie jáde, ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ àlòkù ní Ghana nígbà náà. Wọ́n ròyìn pé àgbàlagbà tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo níbẹ̀ á gba dioxin tó jẹ́ ìlọ́po 220 ìwọ̀n tí àjọ elétò oúnjẹ ti Yúróòpù fàyè gbà lójúmọ́. PBDE àti HBCD náà wà nínú wọn. Ẹ má gbin ewébẹ̀ síbẹ̀. Gbòǹgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ fa PBDE gòkè, àmọ́ eruku ń bà lé ewé.

Ibi tí eérú wà, ẹ kó eérú náà àti ilẹ̀ òkè tó tẹ̀ lé e sínú àgbá tó ní ìdérí, kí ó lọ sí ibi kan náà tí ike tó rì ń lọ. Èyí kò ní pọ̀ ní ìwọ̀n, àmọ́ inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú kẹ́míkà náà wà. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tí kò burú tó bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ nínípọn tí omi ń gbà kọjá sórí rẹ̀, ẹ da ilẹ̀ mímọ́ lé e, ẹ sì gbin koríko kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Aṣọ náà á fi han ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú pé òun ti dé ojú ilẹ̀ búburú.

Ní ti ìdí odò, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrẹ̀ jáde kíákíá. Kíkó ẹrẹ̀ ń rú u sókè, odò á sì gbé e lọ sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Tí ìdọ̀tí tuntun bá ti dúró, ẹrẹ̀ mímọ́ á máa bo ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí kò bá ṣeé dúró dè, wọ́n lè da èédú tí wọ́n ti ṣe kó máa fa nǹkan mọ́ra sórí ẹrẹ̀ náà, kó lè di kẹ́míkà mú, kí kòkòrò àti ẹja má baà rí i gbà. Ẹni tó bá tà á fún yín pé lẹ́bú irin kékeré ló máa ń pa PBDE run, ẹ béèrè ohun tó ń dà lọ́wọ́ rẹ̀. Irin ń já bromine lóòótọ́, àmọ́ tó bá já a dé ìdajì, oríṣi kékeré tó ń tètè wọ ara ló ṣẹ́ kù.

Ẹ padà lọ bu erùpẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ní ojú kan náà, ní ìgbà kan náà nínú ọdún, kí ó jẹ́ ilé àyẹ̀wò kan náà. Tí BDE-209 bá lọ sílẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wá BDE-202 nínú àkójọ náà. Kò sí nínú àpòpọ̀ kankan tí wọ́n tà rí, ara BDE-209 tó ń já ló ti ń wá. Tí ó bá gòkè bí BDE-209 ṣe ń lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé kẹ́míkà náà kò tíì kúrò ní ilẹ̀ yín, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni.